Ohùn Ọkọ Mi Nínú Fíìmù Kérésìmesì

Bí ẹ bá ti wo fíìmù Kérésìmesì tí wọ́n fi èdè wa sọ rí, ẹ ti gbọ́ ohùn ọkọ mi. Òun ni bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun, òun ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì, òun ni àlùfáà, òun náà ni olè tó ronú pìwà dà kí fíìmù tó parí. Lọ́dún kan, òun ni ajá. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kó àwọn fíìmù yìí wá. Àwọn ará ibẹ̀ á máa rìn nínú yìnyín, wọ́n á máa la ẹnu, ọkọ mi á sì máa fi èdè wa sọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti ní tẹlifíṣọ̀n ló ń gbádùn ohùn yìí, àfi èmi tí mo jẹ́ ìyàwó olóhùn.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtàwé ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fóòmù àlòkù bo ara ògiri kí ariwo ìta má bàa wọlé, wọn kì í sì í tan fáànù nítorí máìkì á gbọ́ ọ. Bí ọkọ mi bá ti ibẹ̀ dé, òógùn á ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin, bẹ́ẹ̀ inú yìnyín ló ti ń bọ̀. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni ẹnu. Bí ẹnu ẹni inú fíìmù bá ti pa dé, o ò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ mọ́; bó bá sì ṣì là, o gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi sí i. Ìgbà kan wà tí mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń pe ara wọn ní "olólùfẹ́ mi" ṣáá, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó lórúkọ níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà máa ń kún ẹnu dáadáa ni, pé bí àyè bá ṣẹ́ kù, wọ́n á kàn fi olólùfẹ́ mi dí i. Láti ọjọ́ náà ni fíìmù kankan ò ti lè mú mi sunkún mọ́.

Èyí tó wá kó bá mi ni ti àìsọ̀rọ̀. Lọ́dún kan, ohùn ọkọ mi lọ nígbà tí fíìmù ṣì wà láàárín. Wọ́n pe ẹlòmíràn kó wá bá a parí rẹ̀. Àwọn èèyàn wò ó lọ́jọ́ Kérésìmesì, wọ́n rí ọkùnrin kan tó fi ohùn àgbà jáde nílé, tó sì fi ohùn akọrin wọlé padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọ̀gá tó ni iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Dókítà yẹ ọ̀fun ọkọ mi wò, ó ní kó máa sinmi ohùn nígbà tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi sọ ọ́ di òfin. Bí àwọn fíìmù Kérésìmesì bá ti dé báyìí, nígbà tí Kérésìmesì fúnra rẹ̀ ṣì jìnnà, ó parí nìyẹn. Títí wọ́n á fi gba ohùn fíìmù ọdún tuntun sílẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ kankan nínú ilé. Á wé tówẹ̀lì mọ́ ọrùn nínú ooru, á máa mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì máa fi àtẹ́wọ́ dá wa lóhùn. Àtẹ́wọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni. Méjì, rárá. Bó bá ń wá nǹkan, á súfèé. Nígbà tí àkọ́bí wa kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, olùkọ́ rẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun, ọmọ náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ bá ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ jà, kí ẹ wò ó. Ẹ ó pariwo, ẹ ó ro ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó bi í pé ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí, òun á wá pa àtẹ́wọ́ méjì, á sì lọ gbé omi rẹ̀ kaná. Ẹni tó bá ń kọjá níta á rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí ni. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni mo sábà máa ń rán, ẹ̀rọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ náà, kí tẹlifíṣọ̀n máa ṣiṣẹ́, kí n gbọ́ tí ohùn ọkọ mi ń bi obìnrin kan pé ṣé òtútù ò mú un. Èmi tí a jọ ń sùn sílé kan náà, kò bi mí bóyá mo jí dáadáa. Àwọn oníbàárà mi a sì máa bi mí pé ṣé bí ọkọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀ dídùn nínú fíìmù náà ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé apá sókè kí n lè wọn àyà wọn.

Ìyá mi nìkan ni nǹkan yìí kò sú. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń wá bá wa ṣe Kérésìmesì, àga tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n jù sì ni tiwọn. Fíìmù agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó sọnù ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀ fún bàbá tó ń lu agogo, ọ̀rọ̀ bàbá náà sì pọ̀. Bó bá kan ilẹ̀kùn nínú fíìmù, ìyá mi á ní, "Wọlé, ọmọ mi." Bí wọ́n bá lé e jáde, ìyá mi á máa bínú sí àwọn tó lé e títí di ìgbà oúnjẹ. Bí mo bá fẹjọ́ àtẹ́wọ́ sùn wọ́n, wọ́n á ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé ohùn yẹn la fi ń jẹun. Inú á tún bí mi sí àwọn méjèèjì.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ní gẹ́rẹ́ tí àwọn fíìmù dé. Mo palẹ̀ mọ́, mo lọ tọ́jú wọn nílùú wọn. Ọkọ mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé òun ń bọ̀ bí òun bá ti parí èyí tó wà lọ́wọ́. Ìyá mi ò dúró dè é. A sin wọ́n. Àwọn ọkọ ọmọ tó kù pé síbẹ̀, àní ọ̀rẹ́kùnrin àbúrò mi tí a ò tíì mọ ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń bá wọn gbé àga kiri. Ọkọ mi ò wá. Ọ̀gá ti sọ pé fíìmù wà láàárín, pé ohùn ò tún ní yí padà lójú òun, pé bó bá lọ, kó má padà. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Nígbà tí mo dé, ọkọ mi gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé omi ìwẹ̀ kaná fún mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì lọ sùn nítorí iṣẹ́ ń bẹ lọ́jọ́ kejì.

Mo dúró de ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́, kó la ẹnu sọ fún mi pé ó yẹ kóun wà níbẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní tọrọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ní láti tọrọ kó tó jáde, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo sọ fún àbúrò mi pé bí ọdún bá yí, tí ọkùnrin yìí ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa ìyá wa, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi rò pé mò ń fi ṣeré ni. Mi ò fi ṣeré.

Kérésìmesì wá dé. Ti ọdún tuntun nìkan ló kù kí wọ́n gbà sílẹ̀, nítorí náà tówẹ̀lì ṣì wà lọ́rùn ọkọ mi. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Bàbá Tíṣà, ará ilé kejì wa tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í pẹ́ dé ibi tí fíìmù bá wà. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ni obìnrin tí à ń pè ní Ìyàwó Inú Tẹlifíṣọ̀n. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo obìnrin tó bá lọ́kọ nínú àwọn fíìmù náà, ìyẹn ni pé òun àti ọkọ mi ti fẹ́ra wọn ju iye tí mo lè kà lọ. Èèyàn dáadáa ni. Mo kàn máa ń fẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀ ni, torí òun ò gbà pé ohùn kankan nílò ìsinmi.

Ariwo bẹ̀rẹ̀ lórí fíìmù tí a ó wò. Bàbá Tíṣà ní ti agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé àwọn fíìmù ìsinsìnyí ò ní ẹ̀kọ́ nínú. Àkọ́bí wa, tó ti di ọmọge báyìí, ní bí òun bá tún gbọ́ agogo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á jáde nílé, pé ti ajá tó wọ ọkọ̀ ojú irin ló dára jù, nítorí ajá ibẹ̀ gbọ́n ju àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, ajá ni àbí agogo?"

Ọkọ mi pa àtẹ́wọ́ kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ̀? Èwo ni bẹ́ẹ̀ ni nínú méjèèjì?"

Ó tún pa ọ̀kan. Bàbá Tíṣà ní ìyẹn ni pé agogo ni. Àkọ́bí wa bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbọ́ ìyẹn. Mo sọ fún gbogbo wọn pé agogo kankan ò ní dún nínú ilé yìí lọ́dún yìí. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n wo àga tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i.

Ìyàwó Inú Tẹlifíṣọ̀n ló wá dá sí i. "Ẹ jẹ́ ká wo tuntun," ó ní. "Ti awakọ̀ tí yìnyín dí lọ́nà. Ẹ ò tíì rí i, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é lọ́dún yìí ni. Ó máa dùn mọ́ yín."

Ọkọ mi yára pa àtẹ́wọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó kà á sí, wọ́n tan fíìmù náà.

Awakọ̀ kan ló ń kó ẹ̀bùn Kérésìmesì lọ sí ìlú míì. Ó ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé òun á ti padà dé kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí yìnyín fi bo ojú ọ̀nà. Nígbà tó ti pe ìyàwó náà ní olólùfẹ́ mi lórí fóònù, tí ìyàwó náà ti dá olólùfẹ́ mi tirẹ̀ padà fún un, mo dìde. Mo ní mò ń lọ fọ abọ́. Abọ́ ò dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀. Mi ò kàn lè jókòó máa gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń fi sùúrù ṣàlàyé ara rẹ̀ fún obìnrin míì lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Kíṣìnì wa ò jìnnà sí pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúkúrú kan ló wà láàárín wọn, kọ́tìnì ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí omi, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí sálúbàtà ọkọ mi nísàlẹ̀ kọ́tìnì. Ó dúró síbẹ̀, kò wọlé, kò sì padà. Mo pa omi kí n lè bi í pé kí ló ń wá. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ jù. Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí mi. Mi ò ní àwáwí kankan. Ó yẹ kí n ti dé, mi ò dé."

Ohùn náà gbọ̀n níbi tó ti ní òun ò dé, ó sì sunkún. Kò sí olólùfẹ́ mi kankan níbẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí abọ́. Ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi ló dé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní láti fara pa mọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì kó tó lè sọ ọ́. Mo fojú fo ti kọ́tìnì. Omijé ń bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn.

"Mò ń gbọ́ yín," mo ní, mo sì sọ ọ́ sókè kó lè dá a lójú. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Ẹ sọ̀rọ̀ ìyá mi fún mi."

Obìnrin kan ló dáhùn, láti pálọ̀. "Wọlé," ó ní. "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́."

Mo fa kọ́tìnì. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé gbọn-in.

Tẹlifíṣọ̀n ni mo dá lóhùn. Awakọ̀ ti délé, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, èmi ni mo ń dá a lóhùn nídìí abọ́, ìyàwó inú fíìmù sì ti bá mi dárí jì í kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín sọ ní pálọ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá Tíṣà ń sọ pé, "Ìyàwó wa náà ti ń ṣe bíi ti màmá rẹ̀." Wọn ò gbèrò ibi kankan. Ojú tì mí.

Mo fi ọwọ́ tútù wọ pálọ̀, mo mú rìmóòtù, mo pa tẹlifíṣọ̀n náà.

"Ta ló ní kó dárí jì í?" mo bi wọ́n.

Àkọ́bí wa ń wò mí bọ̀ọ̀. Bàbá Tíṣà ní fíìmù ni, pé kí n má bínú. Ìyàwó Inú Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ọjọ́ tí ẹ ń sin màmá la gba ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá pé ká fi í di ọjọ́ míì, ó kọ̀. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ni ẹkún bá gbé wọn mì, wọn ò lè ṣíwọ́. Ẹkún yẹn kì í ṣe eré rárá. Ọ̀gá ní ó bá ẹnu awakọ̀ mu, pé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dìde lọ nígbà tí fíìmù kan ibẹ̀."

Ó rò pé ìyẹn á tù mí nínú. Ṣe ni inú mi ru sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹkún wà lára ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́fun rẹ̀. Ó ti sọ ọ́, ó ti sunkún sí i, ọ̀gá rẹ̀ ti yìn ín, wọ́n ti gbé e fún gbogbo ayé wò, èmi tí mo ni ìyá tó kú ni mo wá gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà wọn, wọ́n bá a lórí wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Àkọ́bí wa fa Ìyàwó Inú Tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́, wọ́n jọ jáde. Ó ku èmi àti ọkọ mi.

"Ẹ sọ̀rọ̀," mo ní.

Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó fi hàn mí pé ti ọdún tuntun ṣì kù. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Bí ẹ bá pa àtẹ́wọ́ yẹn, mò ń kó ẹ̀rọ mi jáde báyìí. Mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó tú tówẹ̀lì kúrò lọ́rùn, ó wúkọ́ díẹ̀. "Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ jù," ó ní, ohùn náà sì jáde geere, ó dùn, ó gún régé, bó ṣe máa ń jáde fún gbogbo ayé. "Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí mi..."

"Ìyẹn ti tán," mo ní. "Wọ́n ti dárí ìyẹn jì yín. Tèmi dà?"

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Mi ò rí i rí kí ọkùnrin yìí la ẹnu kó má rí nǹkan fi sí i. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn náà kéré, ó ń há, kò jọ ti ẹnikẹ́ni tí mo ti gbọ́ nínú fíìmù rẹ̀.

"Wọ́n pè mí," ó ní. "Màmá. Nígbà tí ara wọn ò yá. Mo wà nílé, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo rí orúkọ wọn. Mi ò gbé e. Mo ní tí mo bá gbé e, màá sọ̀rọ̀. Mò ń tọ́jú ohùn. Wọ́n tún pè. Mo kàn ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Mo ní tí mo bá parí fíìmù, màá pè wọ́n, ká sọ̀rọ̀ dáadáa. Lóòótọ́ ni pé ọ̀gá ò jẹ́ kí n wá. Àmọ́ ká ní ó jẹ́ kí n wá, mi ò mọ̀ bóyá mo lè dúró níwájú wọn."

Mo jókòó. Èmi ni mo bá ìyá mi tẹ nọ́ńbà yẹn. Ọwọ́ wọn ò lágbára mọ́, wọ́n ní kí n bá wọn pe ọmọ wọn, pé àwọn ò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó láti bá a sọ, àwọn kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Nígbà tí kò gbé e lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ fún wọn pé ó ní láti jẹ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kò burú, pé kí n má yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi orí sáàárín ọwọ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé mo dárí jì í, nítorí mi ò tíì dárí jì í. Mo ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ìyá mi, ó sọ ohun tí ì bá sọ fún wọn ká ní ó gbé fóònù náà, ó sọ pé ó yẹ kóun wà níbẹ̀, ó tún un sọ, ó tún un sọ, títí ohùn náà fi fọ́, tó ń tán lọ́fun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì ní kó dákẹ́.